Lídà Yúníìtì Wa

Bí ẹ bá dé Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogí nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ò ní í wá Lídà tì. Fóònù méjì á máa dún lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dárúkọ ìyá ìyá yín fún yín. "Òkun o, ọmọ mi! Káàdì ẹ ńkọ́?" Lẹ́yìn ìbò, ẹ̀yin á máa rí i, òun ni kò ní í rí yín.

Lídà ò du ipò kankan rí. Ìbò tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń tà. Ẹ lè béèrè pé, ṣebí bòńkẹ́lẹ́ là ń dìbò, kí wá ni oníbàárà rẹ̀ ń rà? INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa ń lẹ èsì yúníìtì ìdìbò kọ̀ọ̀kan síta kí gbogbo ojú lè tó o. Ojú ẹni tó sanwó náà tó o. Ìwé tí wọ́n ṣe nítorí olè ni Lídà fi ń gba bálánsì.

"Òkun ló kàn!" dùn lẹ́nu rẹ̀ ju iyán lọ. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀, a ò tíì dìbò yan ẹnìkan nínú àwa Òkun, Yorùbá Kogí, ṣe gómìnà. Ní 2015, Audu tó ń du ipò gómìnà kú kí wọ́n tó kéde èsì. Fálékè, ọmọ Òkun láti Ìjùmú tí wọ́n jọ ń díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀, rò pé ogún ti kan òun. Yahaya Bello ni ẹgbẹ́ wọn gbé e fún. Kí omijé wa tó gbẹ, Lídà ti wà ní Lọ́kọ́ja, ó ń kí gómìnà tuntun kú oríire. Ní November 2023, Dino Melaye du gómìnà lábẹ́ PDP, Lékè Abéjidé dù ú lábẹ́ ADC, ọmọ Òkun ni méjèèjì. Lídà gbàdúrà fún àwọn méjèèjì, ó sì wọ ankara ẹnìkẹta. Ododo, ọmọ Ebira, ló wọlé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kó bínú síjọba: February 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà dàwátì. Ó ní wọ́n fẹ́ pa ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ìyá arúgbó tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ náà ò gọ̀ o. Ó ti gbọ́ ìlérí títì Kábbà sí Ìlọrin títí ó fi hewú, ọbẹ̀ alẹ́ òní ló ń wá owó ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi Lídà lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í béèrè títì yẹn lọ́wọ́ wọn?"

Lídà wò ó tìyanu-tìyanu. "Títì? Gbogbo ayé ló máa rìn ín, àti ẹni tó dìbò fún wa àti ẹni tí ò dì í. Yúníìtì wo ni wọ́n á kà á sí? Jọ̀ọ́, fún mi ní nọ́ńbà àkáùntì ẹ."