Bọ̀dá Bàtàlókù

Irú ènìyàn kan wà láàrin wa tí ó ṣòro láti fi orúkọ kan pè, nítorí kò jọ ọ̀lẹ, kò sì jọ akíkanjú, ó fẹ́ràn eré ìje ju ẹni tí ń sá a lọ, ó gbọ́ nípa rẹ̀ ju ẹni tí ń gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ dá, ọkàn rẹ̀ yá, ó sì ti sàmì sí ọjọ́ eré náà lára kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá bi í léèrè pé kí ló dé tí kò tíì jáde sáré láti bí oṣù kan, a máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a rán létí òkú bàbá rẹ̀, a sì wí pé, "Bàtà ló kù." Ìdí nìyí tí àwa tí a mọ̀ ọ́n fi sọ ọ́ ní Bọ̀dá Bàtàlókù. Kì í bínú sí orúkọ náà. Ó ní òtítọ́ ni.

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Ẹ ó rí i ní Lẹ́kí ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ ó rí i ní Houston. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi mọ̀ dáadáa ń gbé ní gúúsù London, ní ìtòsí Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra èlùbọ́, kí ó dá aṣọ ẹbí, kí ó sì jà lórí owó ẹgbẹ́, láìsọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún, ó ní aya kan àti ọmọ méjì, iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó ń ṣe, ikùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú rẹ̀ wọlé. Dókítà ní kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Rírìn kéré lójú rẹ̀. Ó ní HYROX ni òun yóò ṣe.

Nítorí ti àwọn tí kò gbọ́ orúkọ yìí rí, ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni eré náà ti ṣẹ̀ ní ọdún 2017, lọ́wọ́ Christian Toetzke, tí ṣíṣètò eré ìje jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti Moritz Fürste, tí ó ti gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì nínú eré họ́kì. A ó sáré kìlómítà kan, a ó ṣe iṣẹ́ agbára kan, a ó tún sáré kìlómítà kan, a ó tún ṣe iṣẹ́ mìíràn, títí tí èkínní àti èkejì yóò fi pé mẹ́jọ mẹ́jọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ kan wà tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, títí yóò fi ka mítà 1,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọlanke tí kò ní táyà, irin lásán tí a to ẹrù lé, tí a ó tì lórí kápẹ́ẹ̀tì fún mítà 50. Fún ọkùnrin tí kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, kílò 152 ni òun àti ẹrù rẹ̀, èyíinì ni àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀kún díẹ̀. Bí a bá tì í tán, a ó tún fi okùn fa òmíràn tọ ara ẹni wá. Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀bálẹ̀: a ó da àyà délẹ̀, a ó dìde, a ó fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́, a ó tún da àyà délẹ̀, fún mítà 80, láìsí ọba kan tàbí ìjòyè kan níwájú tí a ń kí, ibẹ̀ ni gbogbo alángbá ti danú délẹ̀, tí a kò sì mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀rọ ìtukọ̀ ni ó kàn, níbi tí a ó ti tukọ̀ fún mítà 1,000 láìkúrò lójú kan. Lẹ́yìn rẹ̀, irin kílò 24 lọ́wọ́ ọ̀tún, irú rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, bí ẹni pọnmi láti odò tí ó jìnnà, fún mítà 200. Lẹ́yìn rẹ̀, àpò yanrìn kílò 20 léjìká, kí a sì máa fi orúnkún kan ilẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún mítà 100. Ní ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù kílò 6 tí a ó lóṣòó kí a tó jù sókè ògiri, nígbà 100. Alágbàrù a máa gba owó ọ̀yà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń sanwó kí wọ́n tó wọlé, àmì aṣọ kékeré kan ni wọ́n sì ń gbà lọ sílé.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn bàtà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí n fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí n tó máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn òfìfo. Bàtà tí àwọn asáré ń wọ̀ lóde òní, tìmùtìmù fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n kó sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ki pẹlẹbẹ kábọ́ọ̀nù kan sáàrin rẹ̀ tí ó le gbagidi tí ó sì ń ta ẹsẹ̀ síwájú; ó ga débi pé World Athletics, àjọ tí ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, ní láti ṣòfin pé ti eré ojú títì kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 40 lọ. Ó dára fún kìlómítà mẹ́jọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpò yanrìn lé ẹni tí ó wọ̀ ọ́, kí ẹ ní kí ó fi orúnkún kanlẹ̀, ẹ ó rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí yóò máa mì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí ó dìde dúró nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Bàtà àwọn agbérin ẹ̀wẹ̀ tẹ́jú, ó le, ó sì wúwo. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò dúró ṣinṣin bí òpó ilé, ṣùgbọ́n kí ó tó sáré dé kìlómítà karùn-ún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti máa bi í léèrè ohun tí òun fi ṣe é. Ọmọlanke náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: iwájú ẹsẹ̀ ni a fi ń tì í, bí rọ́bà abẹ́ bàtà kò bá sì di kápẹ́ẹ̀tì mú, ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀ sẹ́yìn, ọmọlanke yóò sì jókòó síbi tí ó wà bí ọba lórí ìtẹ́. Nítorí náà ọlọ́gbọ́n a máa wá èyí tí ó wà láàrin, tí kò ga jù, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ lágbára, a sì ti wọ̀ ọ́ sáré nígbà bíi mélòó kan kí ọjọ́ tó pé kí ó má baà bó o lẹ́sẹ̀. Bí ó bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó gbè sẹ́yìn bàtà eré, nítorí eré sísá ni ó ń jẹ àkókò jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó fún gbogbo èyí, ààyè yóò sì tún kù láti jẹun.

Oṣù mẹ́ta ni ó gba Bọ̀dá Bàtàlókù.

Láàrin oṣù mẹ́ta náà, ojú rẹ̀ kúrò lójú ènìyàn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Ìlú kan wà ní Jámánì tí ń jẹ́ Herzogenaurach, níbi tí ọmọ ìyá méjì, Adolf àti Rudolf Dassler, ti jọ ń ṣe bàtà kí ìjà tó tú wọn ká lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí èkínní fi dá Adidas sílẹ̀ tí èkejì sì dá Puma. Ìjà náà ràn mọ́ ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ìlú àwọn atẹrùnba, nítorí nígbà náà wọn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wo bàtà tí ó wọ̀. Ibẹ̀ ni à bá ti bí ọ̀rẹ́ mi. Níbi ìkómọjáde kan lójú ọ̀nà Old Kent Road, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá àgbàlagbà kan, ọ̀wọ̀ náà sì wú bàbá lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre: "Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ o, ọ̀nà rẹ á là, wàá jèrè ọmọ." Bàbá súre tán, ọkùnrin náà kò dìde. Wọ́n rò pé ó ń ṣe àmín sínú ni. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo rí i tí ó ti fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ bàtà kánfáàsì tí ọmọ-ọmọ bàbá rà fún wọn, tí ó ń wò ó bí tìmùtìmù rẹ̀ yóò ṣe rì sí. Ó gbójú sókè láti ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀?"

Ní ilé, ìwọ̀n tí aya rẹ̀ fi ń wọn ìyẹ̀fun ni ó gbé bàtà lé. Mo wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Tóbi ká a mọ́.

"Bàbá Tóbi, ṣé bàtà ni ẹ gbé sórí ohun tí mo fi ń ṣe oúnjẹ?"

"Tuntun ni, kò tíì kan ilẹ̀. Wò ó, èyí fi gíráàmù 11 fúyẹ́ ju èyí lọ! Gíráàmù 11!"

"Òkèlè iyán mélòó ni ẹ jẹ láàárọ̀?"

Kò dá a lóhùn. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ ìmọ̀ràn. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òun náà sì ń wo àwọn ọ̀gá eré náà lórí fóònù títí di òru, ṣùgbọ́n pátákò ẹṣin nìkan ni ó ń wò. Mo gbìyànjú láti fi Abebe Bikila bá a wí, ọmọ Ethiopia tí ó fi ẹsẹ̀ lásán gba eré Máráthọ́ọ̀nù ní Róòmù ní 1960, ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó ti ń retí mi lójú ọ̀nà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ní Tokyo ní 1964, bàtà Puma ni Bikila wọ̀, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 12 ni ó sì fi parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó dín un kù, ta ló ni ín bí kì í bá ṣe bàtà? Bẹ́ẹ̀ ni Puma kan náà ni ó ń bá HYROX ṣe pọ̀ lónìí, ó ní kí n fi ọgbọ́n gbé e. Pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún Bikila ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lọ sí Tokyo, kò mẹ́nu bà á. Kò sí bàtà nínú ìyẹn.

Akígbe kan tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í báyìí níbi ìnáwó kan: Àkànní Bàtàlókù, a-ra-tuntun-kí-ògbólógbòó-tó-dọ̀tí, a-sokùn-bàtà-má-jáde, baálé ilé tí àlejò bá bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí ó bú sẹ́kún, tí ó ṣebí òkú kú níbẹ̀. Ó lẹ ogún pọ́n-ùn mọ́ ọn níwájú orí. Bàtà tí ó wá mú nígbẹ̀yìn, owó rẹ̀ lé ní igba.

Ọjọ́ pé, a sì lọ sí gbọ̀ngàn ExCeL ní ìlà-oòrùn London, létí èbúté àtijọ́ níbi tí ọkọ̀ òkun ti máa ń já ẹrù. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀. Bàtà méjì mìíràn wà nínú rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà. Ó sáré kìlómítà àkọ́kọ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó wá dé ibi ọmọlanke, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó rẹ̀ mú, ó tẹrí ba, ó tì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ó ti kó àrùn yìí ràn mí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ẹ̀rí mi: bàtà náà kò yọ̀. Rọ́bà rẹ̀ di kápẹ́ẹ̀tì mú bí eégbọn ti í di ara ajá mú. Ọkùnrin náà ni kò lọ. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ń bá ògiri sọ̀rọ̀ àṣírí, ó ń mí, ó ń bojú wo ilẹ̀, nọ́ọ̀sì kan láti ìjọ wa sì ti ẹrù kílò 102 tirẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, nínú bàtà tí ó fi ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá," ni ó sọ bí ó ti ń kọjá.

Ó parí rẹ̀. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11 ni, èyí tí ó fi ìṣẹ́jú kan yá ju ti Bikila ní Tokyo lọ, àfi pé kìlómítà 42 ni ti Bikila. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú àti lóde, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé òye ti yé e.

"Ìbọ̀sẹ̀," ó wí fún mi. "Ìbọ̀sẹ̀ ló kù."

Ẹnikẹ́ni tí nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 9 nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ó sì ń bọ̀ ní ìhà Peckham, bàtà mẹ́fà wà nílẹ̀ tí òjò kò tíì pa rí. Ìyá Tóbi ni kí ẹ bá ná an. Ọ̀fẹ́ ni òun ń fi í ṣe, bí ẹ bá ti lè wá ní ọ̀sán, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́.