Oríkì Ọba Ẹ̀yìn Èjìká

Tápù epo kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kì, torí bí n kò bá kì í, èébú ni yóò ti ẹnu mi jáde.

Ọba Ẹ̀yìn Èjìká, mo júbà!
A-nawọ́-sọ́tùn-ún-fa-tòsì, mo ṣèbà!

Burt Rutan tó ya àwòrán bàálù Long-EZ, irú èyí tí èèyàn ń kàn fúnra rẹ̀, àárín itan awakọ̀ ló fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ sí. Ìwọ kọ̀. Ẹni tó kan tìrẹ kò fẹ́ kí epo wọ ọ̀dọ̀ awakọ̀ (ẹ̀rù iná tó í bani, mo gbà), ló bá fi ọ́ jọba lára ògiri, lẹ́yìn èjìká òsì. Ọlọ́kadà tí epo fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ á kàn nawọ́ sábẹ́ itan ni, ó ti yí i sí rìsáfù, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà. Ẹrú ni tápù ọlọ́kadà. Ọba ni ọ́: ẹni tó bá fẹ́ rí ọ á dẹ bẹ́líìtì, á jọ̀wọ́ ọkọ̀, á kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ.

A-nawọ́-sọ́tùn-ún-fa-tòsì!
Wọ́n yí ọ sọ́tùn-ún, táǹkì òsì ṣí.
Wọ́n yí ọ sísàlẹ̀, táǹkì ọ̀tún ṣí.
Wọ́n yí ọ sókè, o panu dé.
Ọba tí í pe Ọ̀tún, kí Òsì máa jẹ́.
Òsì lọ́tùn-ún, òṣì lọ́rùn!
Bí àwọn ìjòyè bá jókòó báyìí láàfin, ìjà á ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pín obì. Wọn ò sì kọ nǹkan kan sí ọ lára. Ta ló ń kọ orúkọ sí ọba láyà?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, John Denver olórin, tó fẹ́ wa bàálù tí o wà nínú rẹ̀, wá kí ọ ní Monterey, California. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó ọ. Wọ́n fi pláyà fa ọwọ́ rẹ gùn, síbẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní dígí kó lè máa wo ìwọ̀n epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní wákàtí kan péré lòun fẹ́ fò, kí wọ́n má wulẹ̀ bu epo sí i.

Ó gbéra. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún pó, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Àwọn olùwádìí ní níbi tó ti yíra padà láti wá ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pẹ́dà ọ̀tún láìmọ̀. Bàálù forí sọ òkun Pacific. Ó kú lẹ́ni ọdún 53.

Dígí! Kí ni wọ́n ń fi dígí ṣe? Wọ́n rí tápù tí ọwọ́ ò tó, wọn ò ní kó má gbéra. Pláyà ni wọ́n ń wá kiri. Òfin Amẹ́ríkà náà ò sì ní kí ẹni tó ń kan bàálù tirẹ̀ tẹ̀ lé àwòrán.

Ó dáa, mo ti padà sídìí oríkì. Kábíyèsí, nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú omi, o ò ṣí fún Ọ̀tún tán, o ò sì padé tán. Àárín méjì lo wà. O ṣì ń rò ó.