Ẹ Kà

Lókè tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ Ìyá Olówùú, ní Òkìtìpupa níbí, aṣọ funfun kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Òwú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán lẹ́tà sí i lára. Ẹ KÁÀBỌ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyá rán E, ó rán K, ó rán A kan, ọwọ́ dúró. Àmì kò sí lórí, àmì kò sí nísàlẹ̀. Àlejò tó bá wọlé, ohun tó rí náà ni yóò kà: "Ẹ kà." Yóò wá yíjú sí onílé: "Mọ̀mí, kí la fẹ́ kà?"

Obìnrin yìí fi ọdún 35 ṣe tíṣà Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ nígbà náà, bírò pupa á wọ́ kọjá lójú ìwé rẹ̀ bí ejò. Tara rẹ̀ wá yàtọ̀. "Àmì ń bọ̀," ló máa ń wí. "Kókó Faransé ni mo fẹ́ fi ṣe é." Kókó Faransé ni kéèyàn we òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tẹ abẹ́rẹ́ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti yọ, kó rọra fà á títí yóò fi jókòó lórí aṣọ bí ẹyọ bàbà kan. Fóònù rẹ̀ kún fún fídíò bí wọ́n ṣe ń ta á.

Èmi kà lóòótọ́. Kì í ṣe lẹ́tà ni mo kà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni. Mọ́kànlá ni, gbogbo wọn ló sì ní nọ́ńbà nínú ìwé kan tó fi bébà aláràbarà bò. Pùrójẹ́ẹ̀tì ló ń pè wọ́n.

Ìbora ọmọ tuntun wà níbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyàwó àkọ́bí rẹ̀ lóyún. Ewúrẹ́ kan àti orí ìkejì ló ti wà lára rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ti wà ní JSS 2, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Ìyá ní kò burú, pé ọmọ tí ọmọ ọ̀hún náà bá bí ni yóò fi bora. Aṣọ pẹpẹ tó ṣèlérí fún ìkórè wà níbẹ̀. Ìkórè ọdún wo? Ẹ má bèèrè. Àlùfáà mẹ́ta ti gba ìwé ìṣípò látìgbà náà. Ẹ sì mọ ilẹ̀ ibi. Òkìtì tó pupa ló sọ Ìdẹ́pé di Òkìtìpupa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti dé, eruku rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Aṣọ pẹpẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní funfun ti fẹ́ máa bá ìlú jẹ́ orúkọ kan náà.

Ti agbádá Bàbá ló wá dùn jù. Ìyá ti gbọ́ nípa iṣẹ́ jákàn ayé àtijọ́, tí àwọn ọkùnrin Bídà àti Ìlọrin fi ọwọ́ lásán rán, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀ lórí agbádá kan ṣoṣo. Ó mọ èyí tí àwọn Hausa ń pè ní "aska takwas", ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ẹnu ṣóńṣó tó gùn bọ́ sáyà. Ó búra pé ẹ̀rọ kò ní fọwọ́ kan aṣọ ọkọ òun. Ọdún kẹfà nìyí. Ọ̀bẹ kan ló ti parí, pẹ̀lú èkù ìkejì.

Bí òde bá dé, Bàbá á gbé aṣọ mìíràn lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-mónógíráàmù lọ́jà, láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò gbà á. Ọmọdékùnrin tó ń ṣe é ki nǹkan bọ etí, ó ń mi orí, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní pùrójẹ́ẹ̀tì kankan. Oníbàárà ló ní, oníbàárà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. (Kí n tó sọ̀rọ̀ jù: ilé tèmi ti wà ní lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì láti 2016. Koríko inú yàrá rẹ̀ tó ewúrẹ́ àdúgbò jẹ.)

Ohun tí Ìyá kì í fi falẹ̀ ni òwú rírà. Ilé-iṣẹ́ Faransé kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1746, DMC. Àwọ̀ òwú tí wọ́n ń tà tó 500. Ìyá ti fẹ́ bá wọn dọ́gba. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi í ránṣẹ́, inú àwọn ike tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ló sì ń kó o sí: àwọ̀ pupa lábẹ́ olóògbé kan, àwọ̀ ewé lábẹ́ òmíràn. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán aṣọ Bayeux hàn mí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó gùn tó nǹkan bí 70 mítà, tó ti lé ní 900 ọdún. "Ṣé o rí ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe?" Mo rí i. Mo tún rí i pé àwọ̀ òwú tí wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Mi ò sọ ọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé pùpùrù kalẹ̀.

Kí n má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá aṣọ ara ògiri náà lórí itan rẹ̀, ó jókòó ti fèrèsé. Òwú tín-ín-rín mẹ́fà ló para pọ̀ di òwú kan. Ó di orí wọn mú, ó ń rọra fa ẹyọ kan jáde, márùn-ún tó kù ń ká jọ sábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Bí ẹyọ náà ṣe jáde tán, márùn-ún ọ̀hún na ara wọn padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, ó tàsé ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta wọlé. Ó we é lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á. Ẹyọ bàbà kan jókòó sábẹ́ E.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà! Ó ku Á, ó ku À..."

Kò dá mi lóhùn. Orí mi ló ń wò. Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó fa téèpù yọ lábẹ́ tìmùtìmù.

"O ò ní fìlà gidi kan. Dúró jẹ́jẹ́."

Ó wọn orí mi, ó ṣí ìwé, ó kọ 12 sábẹ́ 11, ó kọ 23 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Búlúù, mà."

Ó na ọwọ́ sí ike olóògbé kẹta, ó ṣí ìdérí.

"Búlúù wo?"