Etí Kò Gbọ́ Yìnkìn, Hẹ́dífóònù Jó

Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti sọ òwe yìí di òògùn. Wọ́n á fi hẹ́dífóònù dí etí méjèèjì, wọ́n á yí ámúpílífáyà dé òpin, ó parí: wọn kò gbọ́ ìyá tó ń pè wọ́n, wọn kò gbọ́ olówó tó wá sin gbèsè, wọn kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wo Ogunu ní Warri, níbi tí Shell ní ibùdó iṣẹ́ ńlá sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nídìí iṣẹ́ epo, ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń bú ramúramù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ìbòtí, kí ariwo má baà bà á létí jẹ́. Ọmọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ń tọ́jú owó kó lè ra ìbòtí tí ariwo wà nínú rẹ̀! Àwáwí rẹ̀ kò jìnnà: jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo, orin òun sì gbọ́dọ̀ borí rẹ̀. Àwọn ará Warri ṣáà ló ní, “Warri no dey carry last.”

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ yìnkìn náà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú hẹ́dífóònù, a ká wáyà bàbà tíńtín sí i lẹ́yìn, òòfà sì wà nítòsí. Bí a bá pín wáàtì kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan péré tó láti mú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù ké dé nǹkan bí 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá wa, ọmọ òṣìṣẹ́ epo yẹn, wá lọ so tirẹ̀ mọ́ ojú ihò sípíkà lára ámúpílífáyà 50 wáàtì. Wáyà á gbóná, gọ́ọ̀mù á yọ́, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ọ̀gá ní báàsì ni. Nígbà tó yá, apá kan dákẹ́.

Ó di ọ̀dọ̀ atúnrédíòṣe. Èyí tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi mítà wò ó. Bó bá jẹ́ pé okùn ló já nídìí ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni, á gé e, á fi òjé jó ẹnu tuntun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí wáyà inú bá ti jó, ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun á tún un ká. Odindi sípíkà inú rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀, èyí tó bá èkejì mu, bí irú rẹ̀ bá wà lọ́jà. Bí hẹ́dífóònù ọ̀hún bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ kúkú ra òmíràn.

Etí náà máa ń ha. Bí ẹ bá yọ hẹ́dífóònù tí nǹkan ń dún fíìì nínú orí, ìkìlọ̀ nìyẹn. Irun kéékèèké tó ń gbé ohùn nínú etí kì í hù mọ́ bó bá kú, kò sì sí atúnrédíòṣe tó ń ta á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé àwọn ọmọ ọdún 12 sí 35 tó lé ní bílíọ̀nù kan ló wà nínú ewu àìgbọ́ràn yìí. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fàyè gbà ní 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ní 90, wákàtí 4 péré ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó ki ẹnu hẹ́dífóònù bọ ihò, kí ẹ sì rọra máa gbé e sókè. Ẹni tí fíìì yẹn kò bá kúrò létí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, dókítà etí ni kó wá lọ.