Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí Omi Tí Kò Kánjú: Onímọ̀ràn Fèsì Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Ọkọ̀ ojú-omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní narrowboat jẹ́ ọkọ̀ onírin tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, tí gígùn rẹ̀ sì lè tó mítà 21, tí wọ́n to ibùsùn, sítóòfù, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ti gbé ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá rí ní Mushin yóò rò pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ jù sínú omi. Ojú-ọ̀nà ọkọ̀ yìí ni odò àfọwọ́gbẹ́, ìyẹn omi tí àwọn lébìrà fi ṣọ́bìrì la ilẹ̀ fún kí reluwé tó dé, irú bí odò Bridgewater tí wọ́n ṣí ní ọdún 1761 láti máa gbé èédú lọ sí Manchester. Èédú ti kúrò nínú ọkọ̀ báyìí, àwọn tó ń wá ìsinmi ti gba àyè rẹ̀, àjọ Canal & River Trust ló sì ń mójú tó nǹkan bí 2,000 máìlì omi náà ní England àti Wales láti ọdún 2012. Lára àwọn tó ń wá ìsinmi yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òru ti sọ ojú wọn di ti òwìwí, tí wọ́n wá kọ̀wé sí Onímọ̀ràn pé kí ó bá wọn yan ọ̀nà ọ̀sẹ̀ kan tí yóò tù wọ́n lára.

Lẹ́tà mẹ́fà béèrè iye owó, méjì sì béèrè bóyá òjò yóò rọ̀. Ẹni tó ń yá ọkọ̀ fúnni ló mọ iye owó. Òjò yóò rọ̀.

Ọkùnrin kan ní Peckham kọ̀wé pé òun ti yan ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Four Counties Ring, èyí tí ó jẹ́ òbìrìkítí odò àfọwọ́gbẹ́ tí ó gba agbègbè Cheshire, Staffordshire àti Shropshire kọjá, àti pé ọjọ́ márùn-ún ni òun fẹ́ fi yí i po, nítorí pé òun kì í fi àkókò ṣòfò. Onímọ̀ràn bẹ arákùnrin yìí kí ó mú bírò. Ìṣirò tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń lò ni pé kí wọ́n ka iye máìlì, kí wọ́n ka iye lọ́ọ̀kì, kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì fi mẹ́ta pín in, ohun tó bá sì jáde ni iye wákàtí tí ìrìn náà yóò gbà. Lọ́ọ̀kì ni yàrá omi tí ó ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn, tí ọkọ̀ ń wọ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí omi kún un tàbí kí omi inú rẹ̀ fà, kí ọkọ̀ náà lè ti ibẹ̀ gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọmọọ̀dọ̀ níbẹ̀ o. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ni yóò bọ́ sílẹ̀, tí wọn yóò fi irin yí ihò omi ṣí, tí wọn yóò sì fi ìdí ti igi ilẹ̀kùn náà títí yóò fi gbà. Òbìrìkítí tí arákùnrin yìí yàn jẹ́ máìlì 110, ó sì ní lọ́ọ̀kì 94, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 204, èyí tí ó túmọ̀ sí wákàtí 68, tàbí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlá lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ṣe èyí ti san owó tirẹ̀ láti lọ ṣe aláàárù, kò sì ní rí owó iṣẹ́ gbà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kí ó tún rántí pé máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọkọ̀ lórí omi náà, nítorí náà ajá tí wọ́n ń fà lẹ́bàá odò yóò bá a, yóò wò ó, yóò sì kọjá. Kò sí họ́ọ̀nù tó lè yanjú ìyẹn.

Ìyàwó ilé kan ní Manchester ní ìṣòro mìíràn. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ, ìyá ọkọ náà sì ti di ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ata gígún, èlùbọ́ àti èrò tirẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn lè sọ fún aya yìí pé kí ó yan odò Ashby, tí ó tẹ́jú láti Marston títí dé Snarestone fún máìlì 22 láìní lọ́ọ̀kì kankan, tí ó sì kọjá nítòsí pápá ogun Bosworth níbi tí wọ́n ti pa Ọba Richard Kẹta ní ọdún 1485. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà nìyẹn. Níbi tí kò bá sí lọ́ọ̀kì, kò sí ìdí kankan láti sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, máìlì 22 ni ẹjọ́ iyọ̀ inú ọbẹ̀ yóò sì jẹ́. Ohun tó yẹ aya yìí ni Caen Hill ní ìlú Devizes, lórí odò Kennet and Avon, níbi tí lọ́ọ̀kì 29 ti tẹ̀lé ara wọn láàárín nǹkan bíi máìlì méjì, tí 16 nínú wọn sì tò lọ sókè lórí ìlà kan gbọọrọ bí àtẹ̀gùn ààfin. Kí aya fi irin kọ́ ọwọ́, kí ó máa rìn níwájú láti lọ ṣí ilẹ̀kùn, kí ó sì fi ọkọ sílẹ̀ nídìí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú ìyá tó bí i. Gbogbo àdúgbò ni yóò yìn ín pé ó mú iṣẹ́ ṣe. Ní ti àwọn tí ilé wọn tòrò, àwọn ló ni Ashby.

Ẹnìkan ní Reading sọ pé odò tí wọ́n gbẹ́ kì í ṣe odò, pé Thames ni òun fẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ sí èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n odò àdáyébá ní ìbínú gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ Yorùbá ṣe mọ̀ láti ìdí Ọya àti Ọ̀ṣun. Bí òjò bá pọ̀, Thames yóò kún, omi rẹ̀ yóò máa sáré, wọn yóò sì gbé pátákó pupa síta níbi lọ́ọ̀kì láti kìlọ̀ pé kí ọkọ̀ má ṣe gbéra. Ẹni tó yá ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lè fi ọjọ́ mẹ́ta wo pátákó. Odò àfọwọ́gbẹ́ kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ kì í sì í ju àyà àgbàlagbà lọ ní ibi púpọ̀, yàtọ̀ sí inú lọ́ọ̀kì.

Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà kan ní Luton fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣe ìṣọ́ òru nínú ọkọ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dúró kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí di agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, àti pé orí aládùúgbò tó ń sùn kò jìnnà sí ògiri wọn ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Kí wọ́n gbàdúrà bíi Hánnà, kí ètè nìkan máa mì. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé wọ́n mutí, ìyẹn kì í ṣe ohun àjèjì lórí omi náà. Àwọn kan náà tún béèrè nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ní táǹkì ńlá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà ní ibùdó ọkọ̀, èkejì sì ní àpótí kékeré tí ènìyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ dà. Ẹni tó bá yan èyí kejì nítorí owó ni kí wọ́n fi joyè agbépòó, kí ó sì kọ́kọ́ jí.

Lẹ́tà kan kò gba àwàdà, Onímọ̀ràn sì bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kan tí ìyàwó wọn kú ní ọdún tó kọjá rí ìwé kan nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ìyàwó náà ti fi bírò to ọ̀nà ìsinmi wọn sí lórí odò Llangollen: Ellesmere ní ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn náà Chirk, lẹ́yìn náà Trevor, tí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí wọ́n ra búrẹ́dì ní Chirk. Ìwé náà dúró sí Trevor, nítorí pé àìsàn kò jẹ́ kí ó kọ àwọn ọjọ́ tó kù. Àwọn ọmọ ní kí bàbá jókòó sílé. Bàbá béèrè bóyá ó bójú mu kí àwọn lọ.

Kí bàbá lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yá ọkọ̀ kì í gbé e fún ẹnìkan ṣoṣo, ìdí náà sì mọ́gbọ́n wá: nínú lọ́ọ̀kì, bí omi bá ń fà lábẹ́ ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ lè kọ́ sórí pèpéle kọ́ńkéré tó wà nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí imú rẹ̀ sì máa lọ sísàlẹ̀, ó sì gba kí ojú kan wà lára ọkọ̀, kí ojú kejì wà nídìí ihò omi. Kí ọmọ kan tẹ̀lé wọn, kí àwọn yòókù sì dákẹ́. Ìyàwó wọn mọ ọ̀nà yàn, nítorí pé lọ́ọ̀kì méjì péré ló wà láti Ellesmere títí dé Trevor, kò sì sí ọjọ́ kankan nínú ìwé náà tí ó le fún àgbàlagbà. Kí wọ́n tó wọ Trevor, wọn yóò gba orí Pontcysyllte, afárá tí Thomas Telford àti William Jessop parí ní ọdún 1805, tí ó gbé omi odò náà sínú kòtò irin fún mítà 307, ní gíga mítà 38 sí odò Dee. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti irin ìdìmú wà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí nǹkan kan, etí irin náà kàn ga díẹ̀ ju ojú omi lọ ni, ẹni tó bá sì wo ibẹ̀ láti inú ọkọ̀ yóò rí orí igi lábẹ́ ara rẹ̀. Kí ọmọ tọ́ ọkọ̀, kí bàbá rìn lórí ọ̀nà ẹsẹ̀, kí wọ́n di irin náà mú, kí wọ́n má sì yára. Ní ti ọjọ́ tí ìyàwó kò kọ, kí wọ́n má bá a kọ ọ́. Kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ Trevor, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rà ní Chirk.

Fìlà ti padà sórí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ṣe yẹ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan ní Birmingham, tí wọ́n jà ní ọjọ́ kejì ìsinmi ọdún tó kọjá, nítorí pé ọkọ fẹ́ yà sí ọ̀tún, ó sì ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé òsì ni wọ́n máa ń ti ọ̀pá sí kí imú ọkọ̀ tó lè yà sí ọ̀tún. Ìyàwó ní kí wọ́n yí padà sílé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ṣeé ṣe. Kò ṣeé ṣe, nítorí pé ọkọ̀ mítà 17 kò lè yí nínú odò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti gé etí odò wọlé fún yíyí ọkọ̀, èyí tí ó lè wà ní máìlì mẹ́ta síwájú, ìyẹn wákàtí kan gbáko láti fi bínú. Kí wọ́n gbìyànjú láti parí ìjà náà kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí pé ẹnìkan ní láti dúró ní imú ọkọ̀, kí ó máa kígbe sí ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ pé ó kù díẹ̀ kó kan ògiri, ẹni tí inú rẹ̀ kò bá sì tíì rọ̀ lè dúró kó kàn án kí ó tó sọ.