Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Ògógóró Lórúkọ

Ògógóró jẹ́ ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọ ọba lọ. Ní Gánà, àkpẹ̀téṣì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ èdè Gà tó ń sọ̀rọ̀ ìfarapamọ́. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, sódábì ni, orúkọ ìdílé kan tí ọmọ wọn lọ jagun fún Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní Nàìjíríà, ẹnìkan á ní kai-kai, ẹlòmíràn á ní Sàpẹ́lẹ̀ wọ́tà. Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń sọ ọmọ yìí lórúkọ kì í wolé. Àpò ara wọn ni wọ́n ń wò.

Ilé tí wọn ò wò náà rèé. Ẹmu ògùrọ̀ tàbí ẹmu ọ̀pẹ tó ti kan fún ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ pinpin, wọ́n á dáná sábẹ́. Páìpù bàbà á ti orí dúrọ́ọ̀mù gba inú omi tútù kọjá, ooru á di omi níbẹ̀, á sì máa kán tó, tó, tó sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọtí ń hó ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ní 100. Àárín méjèèjì ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Bí iná bá le jù, omi á bá ọtí jáde, ẹni tó bá rà á á sì bú ìyá ẹni tó sè é. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ireland àti Scotland, àfi pé ti ibẹ̀ ní arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń sanwó láti wá wòran.

Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 dí ọ̀nà mọ́ jìnnì olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń kó wá sí Áfíríkà. Owó-bodè sì gun orí èyí tó kù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé láàárín ọdún 1930 sí 1939, tí owó ò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn yíjú sí dúrọ́ọ̀mù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wo owó-bodè tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọmọ lórúkọ: jìnnì tí kò bófin mu. Ṣínáàpù àwọn Dutch, nínú ìgò aláwọ̀ ewé rẹ̀, ń jókòó níbi ìyàwó àti níbi ìpèsè òrìṣà láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Èyí tí ọmọ ilẹ̀ fi ẹmu bàbá rẹ̀ sè, ẹ̀wọ̀n ni.

Òmìnira dé, orúkọ ò yéé yí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni. Ẹni tó bá po májèlé mọ́ ọtí ló yẹ kí wọ́n wá, ṣùgbọ́n ògógóró lódindi ni ìjọba àpapọ̀ fòfin dè.

Ọdún méjì ṣáájú, ní 2013, Guinness Nigeria ti gbé Orijin jáde, ọtí tó ní adùn ewé àti èso. Paraga, àgbo inú ògógóró, wọ kóòtù, ó dé tòun ti ìpolówó. Ní Àbújá àti Èkó, àwọn tó ń pọn bíà àfọwọ́ṣe pe ilé ìpọntí wọn ní Bature, orúkọ tí Haúsá ń pe òyìnbó. Ó kéré tán, wọn ò parọ́ nípa ẹni tí wọ́n ń wò. Ilé iṣẹ́ Pedro's wá fi ògógóró sínú ìgò ẹlẹ́wà, ó gbé e fún ọlọ́lá. Ẹnu tó ti ń yọ ṣùtì sí i tẹ́lẹ̀ ń fi yìnyín mu ún. Èyí kò gbọdọ̀ ya ará Mowe, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́nu: Ọ̀fàdà ò jìnnà sí wọn, ìrẹsì ibẹ̀ tó jẹ́ oúnjẹ àgbẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé níbi ìnáwó olówó.

International Breweries ṣí ilé ìpọntí ńlá sí Ṣàgámù ní 2018. Ní ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní Mowe àti Ìbàfọ̀, ìyá alágbo to ìgò tirẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Egbò pupa wà nínú ọ̀kan, èèpo igi nínú òmíràn, ògógóró bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Kò sí ìwé lára ìgò kankan. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á fọwọ́ ti ìbàdí: “Ìyá, ẹ dákun, ọ̀pá ẹ̀yìn.” Ẹni tó tẹ̀ lé e á ní jẹ̀dí lòun ń fẹ́. Ìyá á wọn ọ́n sínú ife kékeré. Nínú gbogbo ẹni tó ti sọ ọtí yìí lórúkọ, àwọn oníbàárà yìí nìkan ló kọ́kọ́ wolé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbàdí ara wọn ni ilé náà.