Ẹnìkan Tó Ń Jẹ́ Àwá Dé

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ó dájú pé wọn ò gbúròó Enver Hoxha kí wọ́n tó pa òwe náà. Láti 1944 títí ikú fi mú un lọ ní oṣù kẹrin 1985, òun nìkan ló ń ṣèjọba Albáníà, tó ń jẹ́ àwá dé níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbójúgbóyà bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó?" Ọgbọ́n tó ta sí i ò le: ó ti ilẹ̀kùn pa ná, kó tó pariwo. Bí àlejò ò bá rọ́nà wọlé wá kà wọ́n, tí onílé náà ò sì rọ́nà jáde lọ ròyìn, ta ni yóò já irọ́ ọ̀hún?

Ohun tó mú mi rántí Hoxha ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó gbòde báyìí, àwọn ọ̀ta ká-ní. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan kúrò nínú ìtàn ayé, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n wá máa wo ohun tí yóò bí. Ká ní Hitler ló ṣẹ́gun. Ká ní àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ Gorbachev lóṣù kẹjọ 1991 rí i ṣe. Ká ní Japan kọ̀ jálẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn nígbà tí Perry kó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé ní 1853. Ayò náà dùn, n ò ní purọ́, èmi náà a máa ta á. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń parí rẹ̀ sí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: orílẹ̀-èdè kan tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, tí kò bá ayé dá nǹkan pọ̀, tí odi yí i ká, tí ọ̀gágun kan jókòó sókè tí àwọn ọmọ ogun ń yan kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán ilẹ̀ náà, wọ́n á mú àwọ̀ àsíá, wọ́n á tiẹ̀ sọ iye bọ́tìnnì tó wà láyà ẹ̀wù ọ̀gágun. Ọ̀ta ká-ní kì í gbàgbé láti wá àyè fún ara rẹ̀ láàfin. N ò tíì rí ọ̀kan ṣoṣo tó to ara rẹ̀ sórí ìlà búrẹ́dì.

Wọ́n tún gbà pé nǹkan ńlá ló gbọ́dọ̀ ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀: ogun àgbáyé, bọ́ǹbù, ìdìtẹ̀gbàjọba. Ti Albáníà ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà ọ̀rẹ́ ló tì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Yugosláfíà ti Tito ló kọ́kọ́ ń ṣe ẹ̀gbọ́n fún un, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ gbé àbúrò mì. Ní 1948, Hoxha bá a jà, ó sá sábẹ́ Stalin. Stalin kú, Khrushchev bẹ̀rẹ̀ sí í bú òkú, Hoxha ní òun ò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 1961, òun àti Sófíẹ̀tì ti kẹ̀yìn síra wọn. Ó gba Ṣáínà lọ. Ní 1972, Nixon wá kí Mao ní Beijing, ojú Hoxha korò. Nígbà tó di 1978, Ṣáínà kó owó rẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ náà. Nínú ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Hoxha ló jàre. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ lọ ka àwọn ìwé rẹ̀: ó kọ ọ̀kan bú Tito àtàwọn èèyàn rẹ̀, ó kọ ọ̀kan bú Khrushchev, ó kọ ọ̀kan lórí Ṣáínà. Kò sí ọ̀rẹ́ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gba ìwé tirẹ̀ dání.

Ẹni tó bá ti bá gbogbo ayé jà ní láti múra sílẹ̀ de gbogbo ayé. Albáníà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, síbẹ̀ bọ́ńkà tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ síbẹ̀ lé ní 170,000. Wọ́n wà lórí òkè, wọ́n wà nínú oko àgbàdo, wọ́n wà létíkun, wọ́n wà nínú ibojì pàápàá. Àwọn ará ìlú ò pé 3,000,000 nígbà náà. Bọ́ńkà kan bọ́ sọ́wọ́ èèyàn bíi 17. Ọ̀tá tí wọ́n torí rẹ̀ ro símẹ́ńtì yìí ò wá. Kí ló fẹ́ wá ṣe? Kò sí mọ́tò tó lè kó lọ, nítorí ìjọba ò gbà kí ẹnikẹ́ni ní mọ́tò tara rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti wà ní títì láti 1967, nígbà tí wọ́n kéde pé ilẹ̀ náà ò ní Ọlọ́run mọ́. Àlejò tó bá sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú irùngbọ̀n, onígbàjámọ̀ á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kó tó wọ̀lú. Òfin ilẹ̀ ti 1976 ka yíyá owó lọ́wọ́ àwọn ilẹ̀ olówó òkèèrè léèwọ̀. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn kan á ti pàtẹ́wọ́, nítorí gbèsè tó wà lọ́rùn tiwa. Ẹ rọra ná. Nígbà tí Hoxha fi máa kú, Albáníà ò jẹ ayé ní gbèsè kankan tó ní láárí, òun ló sì tòṣì jù ní Yúróòpù.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ òde tán, ó kan ọ̀rẹ́ ilé. Mehmet Shehu ti ń ṣe olórí ìjọba láti 1954, gbogbo ibi tí Hoxha bá yà ló ń yà. Ní oṣù Kejìlá 1981, wọ́n bá a nínú yàrá rẹ̀ tó ti kú, ìjọba ní ó pa ara rẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí Hoxha fi kéde pé amí ni òkú náà, pé ó ń ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ fún Yugosláfíà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Sófíẹ̀tì. Ẹni tó bá lè jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn mẹ́ta tí wọn kì í fojú rere wo ara wọn yìí lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì sí èyí tó bínú, ẹ ò rí i pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló yẹ ká fi irú wọn jẹ olórí fún.

Ẹ wá wo ẹni tí ilẹ̀kùn ò tì mọ́. Hoxha fúnra rẹ̀ kàwé dé Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, èdè Faransé ló sì fi ń jẹun nígbà kan, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Korçë. Nígbà tó gbàjọba, àdúgbò kan ní Tirana tí wọ́n ń pè ní Blloku di tàwọn aṣáájú nìkan, ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ, mẹ̀kúnnù ò gbọ́dọ̀ gbabẹ̀ kọjá. Àwọn tó kù ń wo fíìmù Norman Wisdom, aláwàdà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìjọba rí i pé kò lè ba ẹnikẹ́ni lórí jẹ́. Ẹni tó bá láyà a gun orí òrùlé lóru, á so agolo mọ́ wáyà, kó lè rí tẹlifíṣọ̀n Ítálì fà láti òdìkejì òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn tí wọ́n ní ebi ń pa lókèèrè ń fún ajá ní ẹran jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ọ̀hún wá já, kò sẹ́ni tó dúró de ìlérí. Wọ́n wó ère Hoxha lulẹ̀ láàárín Tirana ní oṣù kejì 1991. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Vlora kó ṣúgà dé láti Cuba sí èbúté Durrës. Àwọn èèyàn ya bò ó, wọ́n gun okùn, wọ́n gun òpó, bí 20,000 wọn ló sì gúnlẹ̀ sí Bari ní Ítálì. Ítálì tí wọ́n ti ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kó wọn sí pápá ìṣeré, ó tì wọ́n mọ́bẹ̀, ó sì dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn padà sílé.

Ẹni tó bá ní Yúróòpù jìnnà, ẹ jẹ́ ó kọjú sí òkun Calabar. Erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Fernando Po nígbà kan ò jìnnà síbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló ti ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó níbẹ̀ láti ayé àwọn ará Spain. Ní 1968 Equatorial Guinea, tó ni erékùṣù náà, gba òmìnira, Francisco Macías Nguema di ààrẹ, ó sì sọ erékùṣù náà lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀mọ̀wé ń bà á. Ẹni tó kàwé nínú wọn, ẹni tí kò bá kú a sá. Nígbà tí àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ, ó ka ọkọ̀ ojú omi léèwọ̀, ará erékùṣù wá di ẹni tí kò rí ẹja jẹ. Owó ìjọba ńkọ́? Ó kó o lọ sílé rẹ̀ ní abúlé. Lọ́dún 1976, Nàìjíríà kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kòkó wá ń pọ́n lórí igi láìsí ẹni tó máa ká a. Àwáa tirẹ̀ ò pẹ́: ní 1979, ọmọ ẹbí rẹ̀ gan-an, Obiang, gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀ nílé sinimá kan ní Malabo, wọ́n sì yìnbọn pa á. Nígbà yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú rẹ̀ ti wà lẹ́yìn odi.

Àwa náà ní ká-ní tiwa, gbogbo ẹni tó ti gbọ́njú ní 1998 ló mọ̀ ọ́n: ká ní Abacha, ọ̀gágun tó ń ṣèjọba wa nígbà náà, ò kú lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà. Ohun gbogbo kúkú ti tò. Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti dá wa dúró ní 1995 lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ mìíràn. Super Eagles ti jókòó sílé ní 1996, wọn ò lọ gba ife Áfíríkà ní ilẹ̀ Mandela. Ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba gbà láyè ti fa ọkùnrin kan náà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Olóògbé Bọ́lá Ìgè ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo ló fẹ́ jẹ́ àwá dé lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí bébà ìdìbò kan.

Kí ẹni tó bá ń ta ká-ní yìí ta á dé bọ́dà, ibẹ̀ ló ti máa há. Orí ọ̀kadà ni Wọlé Ṣóyínká wà tó fi gba inú igbó kọjá sí Benin ní 1994, lójú àwọn ṣọ́jà Abacha. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba tí a fìbò yàn ti bọ́dà orí ilẹ̀ nítorí ìrẹsì, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Àwọn onífàyàwọ́ ò bá wọn jiyàn, wọ́n kàn yà sọ́nà igbó ni. Ìrẹsì ń wọlé, owó ọ̀nà ń lé lórí rẹ̀, ẹni tí ilẹ̀kùn náà wá tì mọ́ ni ìyá tó mú kóńgò dání tí owó rẹ̀ ò ká a mọ́.

Síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ, pàápàá lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Houston: bàbá kan tó le ni Nàìjíríà ń fẹ́, kó ti gbogbo bọ́dà pa fún ogún ọdún, kí gbogbo wa jókòó sílé, ká kọ́ bí a ṣe ń jẹ ohun tí a bá gbìn. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tìtorí-tìtorí, pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì nínú àpò. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ fẹ́ kí wọ́n tì í?" Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní kó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí àwọn bá ti ṣọdún tán, tí bàálù àwọn sì ti gbéra.